Marcus Daly, Olówó Bàbà

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 1841, ni a bí Marcus Daly ní agbègbè Cavan, ní ilẹ̀ Ireland. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ṣì kéré nígbà tí ìyàn ńlá mú níbẹ̀, nítorí pé àrùn ba pòtétò tí wọ́n gbójú lé jẹ́. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 15, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí New York, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́kíṣẹ́ tí ó bá rí ni ó ń ṣe.

Nígbà tí ó yá, ó lọ di awakùsà ní Nevada. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ òkúta dáadáa. Ní ọdún 1876, àwọn ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ sí ìlú Butte, ní Montana, kí ó lọ yẹ ibi ìwakùsà kan wò. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí ó fi ra ibi ìwakùsà tí à ń pè ní Anaconda ní 30,000 dọ́là. George Hearst àti àwọn ọlọ́rọ̀ méjì mìíràn ni wọ́n kó owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

Fàdákà ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1882, bí wọ́n ti ń walẹ̀ lọ, bàbà rẹpẹtẹ ni wọ́n bá. Ẹlòmíràn ì bá rẹ̀wẹ̀sì, nítorí fàdákà níyì ju bàbà lọ. Inú Daly dùn ní tirẹ̀. Àkókò náà ni iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, bàbà ni wọ́n sì fi ń ṣe wáyà rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bàbà náà ló wà nínú wáyà gílóòbù ilé yín! Ní ọdún 1883, ó tẹ ìlú Anaconda dó, ó sì kọ́ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ bàbà síbẹ̀. Ó fẹ́ kí ìlú náà di olú-ìlú Montana, ṣùgbọ́n Helena ni ó borí nínú ìbò ọdún 1894.

Daly fẹ́ràn ẹṣin eré ìje gan-an ni. Ó ní oko ẹṣin tí ó ju 20,000 éékà lọ ní àfonífojì Bitterroot. Ó gbà pé afẹ́fẹ́ orí òkè tí ó mọ́ tónítóní máa ń mú kí èémí ẹṣin gùn. Tammany ni ààyò rẹ̀. Ní ọdún 1893, Tammany fi ẹṣin olókìkí kan, Lamplighter, sẹ́yìn nínú eré ìje. Daly kọ́ ilé bíríkì fún un, ó sì ní kí wọ́n ya orí rẹ̀ sí ilẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì òun. Ẹṣin rẹ̀ mìíràn, Scottish Chieftain, gba ipò kìíní nínú ìje Belmont ní ọdún 1897.

Daly kú ní New York ní ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá, ọdún 1900. Ní ọdún 1902, iléeṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ṣí ibi ìyọ́bàbà tuntun lẹ́bàá Anaconda. Májèlé inú èéfín rẹ̀ bà sórí koríko, màlúù àti ẹṣin àwọn àgbẹ̀ sì ń kú. Ní ọdún 1905, àwọn àgbẹ̀ pe iléeṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà ṣì wà ní kóòtù nígbà tí wọ́n gbé ère Daly dúró ní Butte ní ọdún 1907. Ní ọdún 1909, adájọ́ dá iléeṣẹ́ náà láre.