John G. Kemeny

John George Kemeny (31 oṣù Karùn-ún ọdún 1926 – 26 oṣù Kejìlá ọdún 1992) jẹ́ onímọ̀ ìṣirò àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n bí ní orílẹ̀-èdè Họ́ńgárì, tó sì di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun àti Thomas Kurtz, tí wọ́n jọ jẹ́ olùkọ́ ní Dartmouth College, ni wọ́n ṣẹ̀dá BASIC ní ọdún 1964, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ta kọ̀ǹpáílà èdè náà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ kí ó lè tàn kálẹ̀. Kemeny náà ni ààrẹ kẹtàlá Dartmouth College, láti ọdún 1970 sí 1981.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Ìlú Budapest ni wọ́n ti bí Kemeny, sínú ìdílé Júù. Nígbà tí ìjọba Hitler gba Austria ní ọdún 1938, bàbá rẹ̀ rí i pé ewu ń bọ̀, ó sì ṣáájú lọ sí Amẹ́ríkà. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bá a ní New York ní ọdún 1940. Bàbá àgbà Kemeny kọ̀, ó ní òun kò ní fi ilé sílẹ̀. Òun àti àwọn mìíràn nínú ẹbí tí wọ́n dúró sí Họ́ńgárì kú nínú ìpakúpa tí àwọn Násì pa àwọn Júù.

Ní ọdún 1943, Kemeny jáde ní George Washington High School ní New York, ó sì wọ Yunifásítì Princeton. Ní ọdún 1945, iṣẹ́ ológun gbé e lọ sí Los Alamos, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Abẹ́ Richard Feynman ló wà, ní ẹ̀ka tó ń fi ẹ̀rọ oníkáàdì ṣe ìṣirò tọ̀sán-tòru. Ibẹ̀ ló ti rí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí ìṣirò kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ogun, ó padà sí Princeton, ó ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ fún Albert Einstein, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1949 lábẹ́ Alonzo Church.

BASIC

Kemeny dé Dartmouth ní ọdún 1953, ó sì di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò ní ọdún 1955. Ní àkókò yẹn, káàdì tí wọ́n lu ihò sí ni wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Kurtz a máa gbé káàdì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí MIT ní agbègbè Boston, nítorí pé kọ̀ǹpútà ńlá kò sí ní Dartmouth. Bí ẹni tó kọ ètò bá ṣe àṣìṣe kékeré kan, ó di ìrìn-àjò mìíràn kí ó tó lè tún un ṣe.

Ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ Dartmouth kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Kemeny àti Kurtz gbà pé àwọn wọ̀nyí gan-an ni yóò máa ṣe ìpinnu nípa kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ iwájú, kò sì yẹ kí wọ́n ṣe é nínú àìmọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ilé kọ̀ǹpútà rí bí ilé ìkàwé, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé láìtọrọ àyè, láìsanwó.

Ohun méjì ni wọ́n ṣe. Èkíní ni ètò tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n so mọ́ ọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ èyí. Èkejì ni BASIC fúnra rẹ̀, tí Kemeny kọ kọ̀ǹpáílà àkọ́kọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpáílà ni ètò tó ń túmọ̀ ohun tí ènìyàn kọ sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ní agogo mẹ́rin ìdájí ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1964, ètò BASIC kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà GE-225.

Àṣẹ inú èdè náà kò pọ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán sì ni wọ́n. Ìlà méjì péré tó láti mọ èsì 2 + 2:

10 PRINT 2 + 2
20 END

Àríwísí

Bí èdè náà ṣe jẹ́ ọ̀fẹ́ ló mú kí ó tàn, òun náà ló mú kí ó pín sí oríṣiríṣi. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún un ṣe bó ṣe wù ú, títí tí ètò tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan kò fi ṣiṣẹ́ lórí òmíràn. Ní ọdún 1975, Bill Gates àti Paul Allen kọ tiwọn fún kọ̀ǹpútà kékeré Altair, èyí sì ni ọjà àkọ́kọ́ Microsoft. Ní ọdún yẹn kan náà, Edsger Dijkstra bu ẹnu àtẹ́ lu BASIC pé ó ń ba ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Kemeny àti Kurtz gbé True BASIC jáde láti tún nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n títà ni wọ́n ń ta èyí, kò sì tàn bíi ti àkọ́kọ́.

Ipò ààrẹ àti ikú

Nígbà ìṣàkóso Kemeny, ní ọdún 1972, Dartmouth bẹ̀rẹ̀ sí í gba obìnrin gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ fún oyè àkọ́kọ́. Ó tún mú ìpinnu ilé-ẹ̀kọ́ náà láti kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà sọjí. Kò fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nígbà tó wà ní ipò. Ní ọdún 1979, Ààrẹ Jimmy Carter fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ìjàm̀bá ilé-iṣẹ́ agbára átọ́míìkì Three Mile Island. Ó kú ní ọdún 1992, ní ẹni ọdún 66.

Ogún rẹ̀ ní Nàìjíríà

BASIC wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà ní Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ọ ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, àdúgbò tó múlé gbe Yunifásítì Èkó ní Akọka, kò nílò láti ra kọ̀ǹpáílà. QB64 àti FreeBASIC jẹ́ ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni GCC, tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1987 fún èdè C. Dátà, iná mànàmáná àti ẹ̀rọ ló ṣì ń gba owó. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti gba irinṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ ìlò wọn sì gbà á láyè láti fi fláàṣì pín wọn fún gbogbo kíláàsì.