Awólọ́wọ̀: Onímọ́tò tó kojú rélùwéè ìjọba

Ní ibùdókọ̀ Aṣẹṣẹ, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán lẹ́nu èrò. Bí awakọ̀ bá ti fi kún owó ọkọ̀, àwọn kan yóò ní kí ìjọba kó ọkọ̀ tirẹ̀ síta fún mẹ̀kúnnù. Àwọn mìíràn yóò ní ìjọba kò mọ òwò í ṣe. Ọkùnrin kan ti wà rí tí ìhà méjèèjì àríyànjiyàn yìí kàn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú o: kì í ṣe òun ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé tí Aṣẹṣẹ wà lórúkọ. Ìlú Ọbáfẹ́mi ló ni orúkọ náà.)

Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909. Ọdún 1920 ni bàbá rẹ̀ kú, ìyà sì bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé ní Wesley College n'Ìbàdàn, ó sì ṣe oníròyìn. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí òwò kòkó rírà àti ọkọ̀ akẹ́rù.

Ibẹ̀ ló ti bá ìjọba pàdé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti la ojú irin láti Èkó gba Ifọ̀ àti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1901. Owó ńlá ni wọ́n ná sí i, ẹrù àti èrò ló sì gbọ́dọ̀ dá owó náà padà. Ṣùgbọ́n lọ́rì dé. Lọ́rì a máa wọ abúlé lọ bá àgbẹ̀, nígbà tí rélùwéè ń dúró de àgbẹ̀ ní ìdíkọ̀. Nígbà tí ìjọba rí i pé ẹrù ń bọ́ lọ́wọ́ òun, ó di owó lé àwọn ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà tó bá ojú irin dọ́gba. Ní ọdún 1937, Awólọ́wọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, ṣáájú wọn nínú ìyanṣẹ́lódì.

Ta ló jàre? Rélùwéè ni ìjọba pè ní ohun ìní gbogbo ìlú, àwọn onímọ́tò ni wọ́n sì kà sí olójúkòkòrò. Ní tèmi, àgbẹ̀ tí ìdíkọ̀ jìnnà sí kò rí àǹfààní kankan nínú owó tí wọ́n dì lé lọ́rì. Òun gan-an ni yóò san án nígbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni èrè kì í dúró lójú kan. Kí ọdún 1930 sí 1939 tó parí, òwò Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti wó, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ó di lọ́yà ní 1946, ó dá ẹgbẹ́ Action Group sílẹ̀ ní 1951, ó sì di Pírímíà Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó ìjọba ni wọ́n fi gbé e ró, kò sì sí ẹni tó béèrè èrè lọ́wọ́ ọmọdé.

Nígbà tó dá ẹgbẹ́ UPN sílẹ̀ ní 1978, ètò mẹ́rin ló gbé síwájú ìlú, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò sì dá dúró nínú wọn. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ẹni tó ti jẹ onímọ́tò ni. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó, ló gbé e: ó bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ojú irin Metroline ní 1983, kí èrò Èkó lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Awólọ́wọ̀ wà láàyè nígbà náà. Ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1987 ló kú.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó gbé èrò ní Èkó. Ní ti rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021, ọ̀nà Abẹ́òkúta ló tún gbà, bíi ti àkọ́kọ́. Kò dé Aṣẹṣẹ. Dáńfó ni wọ́n ṣì ń wọ̀ níbẹ̀, iye tí awakọ̀ bá sì pè ni wọ́n ń san.