Cicely Saunders àti Fèrèsé Tó Ṣáájú Ilé

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ àǹtí mi tó ń ta àlùbọ́sà ní Ose Okwodu, ọjà oúnjẹ ńlá Onitsha. Ọ̀rọ̀ kan ló gba ẹnu àwọn ìyá ọlọ́jà: ẹnì kan tí jẹjẹrẹ mú, tí àwọn dókítà ní kí wọ́n máa gbé lọ sílé. Ẹbí rẹ̀ pín sí méjì. Àwọn kan ní gbígba oògùn ìrora nìkan túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ ti tán. Àwọn yòókù kò lè gbọ́ igbe rẹ̀ lóru mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi rántí Cicely Saunders.

Wọ́n bí i ní Barnet, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ní 1918. Oxford ló ti ń kàwé nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ó sì fi í sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, ló bá di òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ bùkátà àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn ní ọsibítù. Ní 1945 ló fi ayé rẹ̀ fún Kristi.

Lẹ́yìn náà ló pàdé David Tasma, Júù kan láti Warsaw, tí jẹjẹrẹ ń pa lọ, tí kò sì ní ẹbí nítòsí. Àwọn méjèèjì máa ń sọ̀rọ̀ nípa irú ilé tí ì bá rọ ẹni tó ń kú lọ lọ́rùn. David kú ní 1948, ó fi £500 sílẹ̀ fún Cicely, pé kí òun jẹ́ fèrèsé nínú ilé náà. Ilé ò tíì sí o, fèrèsé ti wà!

Oníṣẹ́ abẹ kan gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, nítorí àwọn dókítà gan-an ló ń pa àwọn tó ń kú lọ tì. Ó gboyè ní 1957. Ní St Joseph's, Hackney, ló ti ṣe ohun tí mo kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù. Nígbà yẹn, aláìsàn sábà máa ń jẹ̀rora títí yóò fi ké kí wọ́n tó fún un lóògùn. Cicely ní kí wọ́n máa fún un ní morphine, ní ìwọ̀n tí dókítà bá pa láṣẹ, ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kí ìrora tó padà. Ara tù wọ́n, ojú wọn sì là débi pé wọ́n ń bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Ó tún rí i pé ìrora kì í ṣe ti ara nìkan: ìjà ẹbí, àìrówó, ìbẹ̀rù ikú, gbogbo rẹ̀ ló ń dunni. Ó ń gbàdúrà, ó sì ń fúnni lóògùn. N kò rí ibi tí ọ̀kan ti lé èkejì jáde.

Ọdún 19 lẹ́yìn ikú David, ní 1967, ó ṣí St Christopher's Hospice ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 1969 ni àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti ń lọ tọ́jú aláìsàn nílé wọn. Irú ìtọ́jú yìí wà ní Nàìjíríà náà. UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa gbé èèyàn yín lọ sílé, ẹ má tíì dìde. Ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni oògùn ìrora, kí ni ká ṣe bí ìrora bá dé lóru, ta la máa pè?

Jẹjẹrẹ mú Cicely fúnra rẹ̀. Ó kú ní July 14, 2005, lẹ́ni ọdún 87, ní St Christopher's, lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tó dá sílẹ̀.