Àjàyí Crowther àti Ìwé A B D

Gbogbo ọmọ tí ó mọ ìwé Yorùbá kà, láti orí A B D ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ bá kọ ọ́ sí ojú pátákó, tí àwọn ọmọ sì ń ké e tẹ̀lé e, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ni wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n rò ó, tí wọ́n sì jiyàn lé e lórí, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó dúró sí ipò rẹ̀. Aṣáájú nínú wọn ni Samuel Àjàyí Crowther.

Ìlú Òṣoògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni a gbé bí Àjàyí, ní nǹkan bí ọdún 1807. Ní ọdún 1821, nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ológun kọlu Òṣoògùn, wọ́n sì kó Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn ni wọ́n ń tà á, títí ó fi bọ́ sí ọwọ́ àwọn Potogí. Ní ọdún 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ láti gbé e sọdá òkun. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń lé àwọn oníṣòwò ẹrú mú ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró, níbi tí wọ́n ti di òmìnira.

Abúlé Bathurst, nítòsí Freetown, ni wọ́n fi Àjàyí sí, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, bí wọ́n ti jáde, ó gba inú ìlú lọ, ó sì tọrọ ẹ̀pìnnì kan, ìdajì kọ́bọ̀ ayé ìgbà náà, lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kan, kí ó lè fi ra ìwé A B C ti ara rẹ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, tí kò ní baba tàbí ìyá lọ́dọ̀, owó ìwé ni ó tọrọ. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì; wọ́n sì fi í ṣe mọ́nítọ̀, wọ́n ń san kọ́bọ̀ méje àti ààbọ̀ fún un lóṣooṣù. Ní ọdún 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ilé-ìwé.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sàró ní àkókò náà, bẹ́ẹ̀ èdè Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ nílé. Ọmọ lè ka ọ̀rọ̀ ketekete kí ó má mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Hannah Kilham, ti rí èyí, ó sì ti kó ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi èdè Áfíríkà jọ sínú ìwé ní ọdún 1828. Àlùfáà John Raban náà tẹ àwọn ìwé kéékèèké jáde lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá láti 1830 títí dé 1832. Ṣùgbọ́n àlejò ni àwọn méjèèjì nínú èdè náà. Ojú àlejò a sì máa là kí ó má ríran. Ọmọ onílé ni iṣẹ́ náà ń dúró dè.

Ní ọdún 1843 ni wọ́n fi Crowther jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún náà gan-an ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ó wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ní ọdún 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ tún ti fojú kan ara wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Iṣẹ́ tí ó le jù ni ti sípẹ́lì. Lẹ́tà àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tó fún ohùn èdè wa. Bí a bá kọ e àti o lásán, báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ ejò yàtọ̀ sí ẹjọ́, tàbí oko yàtọ̀ sí ọkọ̀? Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, wá fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà, a sì ní ẹ, ọ àti ṣ. Wọ́n fi gb ṣe lẹ́tà kan. P nìkan ni wọ́n sì fi dúró fún ohùn tí ó wà nínú apá, nítorí p ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú èdè wa. Ó tún ku ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni ó wà nínú ọkọ obìnrin, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀kọ̀ ológun. Ohùn nìkan ni ó pín wọn níyà. Nítorí náà Crowther fi àmì ohùn sí orí fáwẹ́lì nínú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1852. Òwe àwọn àgbà pọ̀ nínú ìwé yìí, nítorí ẹnu àwọn tí ó gbọ́ èdè jinlẹ̀ ni ó ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ. Kò sì gbàgbé àwọn ọmọdé: ó kọ ìwé A B D fún àwọn ọmọ Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ó sì ṣe irú rẹ̀ fún àwọn Ìgbò ní ọdún 1857.

Ní ọdún 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kó jọ fún ọdún mọ́kànlá bá iná náà lọ. Irú àdánù bẹ́ẹ̀ a máa mú ọ̀pọ̀ ènìyàn káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n Crowther tún padà sí ìdí iṣẹ́. Ní ọdún 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńgílíkà; síbẹ̀ oyè kò mú un gbàgbé lẹ́tà. Ní ọdún 1875 òun ni ó ṣe alága ìpàdé tí a ṣe ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá. Ní ọdún 1884 ìtumọ̀ gbogbo Bíbélì parí, iṣẹ́ tí òun àti àwọn mìíràn jọ ṣe. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1891.

Àwọn ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1966 àti lẹ́yìn náà, ti tún nǹkan díẹ̀ ṣe: aiye di ayé, enia di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ náà kò yẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nígbà tí olùkọ́ bá fa ìlà pupa sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan nítorí àmì tí ẹ fò, ẹ má ṣe kà á sí ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹnì kan lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ kí àmì náà lè wà níbẹ̀, ọmọ tí ó tọrọ ẹ̀pìnnì láti ra ìwé A B C ti èdè ẹlòmíràn, tí ó sì fi A B D ti èdè wa sílẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.