Àjàyí Crowther àti Òmìnira Ọkàn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ará Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìtàn Àjàyí ọmọ Òṣoògùn ni a fẹ́ rán yín létí.

Ní 1821 ni ogun kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, a sì mú un lọ sí Sàró.

Ẹ̀wọ̀n bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹta, ó mọ̀ pé ẹrú ni òun síbẹ̀, ẹrú ẹ̀ṣẹ̀, tí ó burú ju ẹrú ènìyàn lọ. Ó gba Kristi gbọ́, ó sì ṣe ìrìbọmi ní oṣù kejìlá 1825. Nígbà tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ ní 1837, ọjọ́ ìbùkún ni ó ka ọjọ́ tí a mú un sí.

Ó padà wá wàásù ní ilẹ̀ tí a ti tà á. Ní 1846 ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1891 ó sùn nínú Olúwa ní Èkó.

Ẹ̀yin ará Ìlobùú àti Ìfọ́n, ìjà ilẹ̀ ti ba ọ̀pọ̀ ilé yín jẹ́. Lójú tiwa, ẹni tí ẹ̀san ṣì dè, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n lọ́rùn rẹ̀, kò tíì di òmìnira.