Ibn al-Haytham: bí ìṣirò bá tilẹ̀ péye

 

Lọ́dọọdún ni àríyànjiyàn oṣù máa ń dé sí àárín àwa tí a ń gbé òkè òkun. Àwọn kan á ní ìṣirò ti sọ ọjọ́ tí oṣù máa lé, àwọn kan á ní àfi kí wọ́n fojú rí i. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn. Àwọn àlùfáà wa wà níbẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan tó fi ayé rẹ̀ yẹ ojú, ìṣirò àti òótọ́ wò ni mo fẹ́ sọ.

Abu Ali al-Hasan ibn al-Haytham ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Basra ní Ìráàkì ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 965. Alhazen ni àwọn ará Yúróòpù ń pè é. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀, ó sì ka ìwé àwọn ará Gíríìkì tí wọ́n ti túmọ̀ sí èdè Lárúbáwá.

Àwọn òpìtàn àtijọ́ sọ pé ó fọ́nnu nígbà kan pé bí òun bá wà ní Íjíbítì, òun á wá nǹkan ṣe sí odò Náílì, kí omi rẹ̀ má baà máa kún jù lọ́dún kan kó sì fà lọ́dún kejì. Ọ̀rọ̀ náà dé etí al-Hakim, kàlífà tó wà ní Káírò. Ó ránṣẹ́ pè é, ó fún un ní òṣìṣẹ́, ó ní kó lọ ṣe é. Ibn al-Haytham forí lé gúúsù títí dé ẹ̀gbẹ́ Aswan. Bó ṣe ń lọ, ó ń wo àwọn ilé ńláńlá tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ kọ́, bí ìwọ̀n wọn ṣe gún régé. Ó wá yé e pé ká ní iṣẹ́ náà ṣeé ṣe ni, àwọn wọ̀nyẹn ì bá ti ṣe é. Ohun tó rò ní Ìráàkì kò bá ilẹ̀ àti omi tó fojú ara rẹ̀ rí mu. Ó padà, ó jẹ́wọ́.

Al-Hakim kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń já kulẹ̀ kó sì sùn dọ́kàn. Wọ́n ní ẹ̀rù ba Ibn al-Haytham débi tó fi ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. Wọ́n gba dúkìá rẹ̀, wọ́n sé e mọ́lé, inú ilé ló sì wà títí al-Hakim fi di àwátì ní ọdún 1021. Bẹ́ẹ̀ ni wèrè ọ̀hún lọ.

Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí ni ìwé Kitab al-Manazir, tó pín sí apá 7. Báwo la ṣe ń ríran? Euclid àti Ptolemy sọ pé ìtànṣán ló ń jáde láti inú ojú wa lọ bá ohun tí à ń wò, wọ́n sì fi ìlà àti igun ṣe ìṣirò tó dára lé e lórí. Ibn al-Haytham ní ẹni tó bá tẹjú mọ́ oòrùn, ojú á máa ta á: nǹkan kan ń ti ìta wọlé nìyẹn. Síbẹ̀ kò da ìṣirò wọn nù. Àwọn ìlà náà ṣì wà bí wọ́n ṣe wà lórí ìwé, àmọ́ ó ní láti ara nǹkan ni wọ́n ti ń wá sí ojú. Ibi tí èyí ti yà mí lẹ́nu ni pé ìlà kan náà lè péye fún ẹni tó gbà pé ojú ló ń ràn án jáde àti fún ẹni tó gbà pé ojú ló ń gbà á. Ìṣirò nìkan kò lè yà wọ́n.

Ó ní láti dán an wò. Ó to fìtílà mélòó kan síta níwájú ihò kékeré tó wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn. Iye fìtílà tó wà níta ni iye àmì ìmọ́lẹ̀ tó hàn lára ògiri nínú. Bó bá bo fìtílà kan, àmì tirẹ̀ nìkan ló ń pa rẹ́; bó bá ṣí i, á tún padà.

Ó wo òṣùpá náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé á ti gbọ́ ìbéèrè yìí: kí ló dé tí òṣùpá fi tóbi tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń yọ lẹ́yìn ilé, tó sì kéré bó ṣe gòkè? Ibn al-Haytham ní kò tóbi. Bó bá wà nísàlẹ̀, ilé àti igi tó wà láàárín mú kí ọkàn wa kà á sí ohun tó jìnnà gan-an, ọkàn á sì fún un ní títóbi tó bá jíjìnnà yẹn mu. Ẹ na apá, kí ẹ fi ọmọ ìka tó kéré jù bo òṣùpá lálẹ́, nísàlẹ̀ àti lókè: ìka náà á bò ó ní ìgbà méjèèjì.

Ìwé rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó fi ṣe àríwísí Ptolemy. Ó ti lé ní 800 ọdún tí wọ́n ti ń fi ìṣirò Ptolemy mọ ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì máa wà, ó sì ń bá ohun tí ojú rí mu. Ṣùgbọ́n kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, Ptolemy ní láti gbà pé òbìrípo kan ń yí déédéé, kì í ṣe yíká àárín ara rẹ̀, bí kò ṣe yíká ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí bébà, kò sí wàhálà. Àmọ́ táyà kẹ̀kẹ́ tí irin rẹ̀ wà láàárín kò lè máa yí bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ni irin náà wà. Ibn al-Haytham ní ohun tí kò lè wà ni Ptolemy kó jọ. Àwọn ìràwọ̀ ní ètò òótọ́ kan, Ptolemy kò rí i. Nínú ìwé yìí kan náà ló ti kọ ọ́ pé Ọlọ́hun kò dá onímọ̀ sí lọ́wọ́ àṣìṣe, pé kí ẹni tó ń wá òótọ́ máa bá ohun tó ń kà jà, kó sì fura sí ara rẹ̀ náà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mo ti rí ètò tó ń mú èsì tó tọ́ jáde lójoojúmọ́, tí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kò sì jọ ohun tí gbogbo wa rò. Kò sẹ́ni tó bìkítà, àfi ọjọ́ tó ṣìnà.

Ibn al-Haytham kò fi ètò mìíràn rọ́pò ti Ptolemy nínú ìwé náà. Òun náà sì ṣì, nítorí ó gbà pé ohun gidi kan tó rí roboto ló ń gbé pílánẹ́ẹ̀tì kiri, kò sì sí i. Ṣùgbọ́n àwọn kan gba ìbéèrè rẹ̀. Ní nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Ibn al-Shatir, tó ń ṣírò àkókò ìrun ní mọ́sáláṣí ńlá Damascus, ṣe ètò tí kò nílò ibi ẹ̀gbẹ́ yẹn mọ́. Ètò tó ṣe fún òṣùpá kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé tí Copernicus tẹ̀ jáde ní ọdún 1543.

Nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ ìsémọ́lé, Ibn al-Haytham ń gbé nítòsí mọ́sáláṣí al-Azhar. Wọ́n ní ọwọ́ ló fi ń ṣe àdàkọ ìwé Euclid àti ti Ptolemy lọ́dọọdún, tó ń tà wọ́n ní dínárì 150, ìyẹn ló sì fi ń jẹun. Ìwé Ptolemy tó ta kò náà ló ń dà kọ. Káírò ló kú sí ní nǹkan bí ọdún 1040.

Ihò ńlá kan wà nínú òṣùpá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, Alhazen. Ó wà ní etí òṣùpá, ní ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ máa ń kàn nígbà tí oṣù bá lé.