Ẹ Má Ṣe Fi Àkọsílẹ̀ Yín Ṣeré

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Jeremáyà orí 36. Ọba ju ìwé tí Bárúkù kọ sínú iná, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Bárúkù jókòó, ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá wa níhìn-ín.

Ìlú Hastings ní Sàró ni wọ́n ti bí Àlùfáà Samuel Johnson lọ́dún 1846. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Ìbàdàn. Ó ṣe tíṣà níbẹ̀, ó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ṣe alárinà títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì lọ́dún 1886.

Bí iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ tó, kò fi kíkọ sílẹ̀ ṣeré. Ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí pẹ̀lú ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Èyí tí kò ṣojú rẹ̀, ó bi àwọn arọ́kìn Ọ̀yọ́, ó bi Tìmì Lágúnjú ti Ẹdẹ, ó bi Baba David Kúkọ̀mí nínú ìjọ Ìbàdàn. Kò sì fi orúkọ àwọn tí ó sọ fún un pamọ́.

Lọ́dún 1897, ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ parí. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sọnù sí. Àlùfáà náà kú ní April 29, 1901, kò fojú rí ìwé náà.

Ṣé ó parí síbẹ̀? Rárá o! Àwọn bébà tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ṣì wà nílé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó wọn jọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó fi í ránṣẹ́ lọ́dún 1916, àwọn Jámánì tún gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ìwé náà kò ṣègbé. Obadiah kú lọ́dún 1920. Lọ́dún 1921 ìwé jáde.

Ará, ẹ̀kọ́ wo ni ẹ rí kọ́? Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ó tó gbàgbé yín. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Ẹ bi ju ẹnì kan lọ. Ẹ má ṣe ju èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ nù, ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ará Mẹ́ńdè mọ ohun tí àgbàrá òjò lè fi bébà ṣe. Fóònù náà sì lè sọnù.

Ìtàn ìdílé yín ńkọ́? Ẹ̀rí oore tí Ọlọ́run ṣe fún ìyá yín àgbà, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ mú ìwé lálẹ́ òní, ẹ jókòó tì wọ́n nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀.

Kí Olúwa má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa ṣègbé. Kí ó fún wa ní ẹni tí yóò bá wa parí èyí tí a bẹ̀rẹ̀. Àmín.